Epo Kọ́ Ni Gbogbo Ohun Ìdáná Ẹ̀rọ: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Òfin Ìdíje Eré Ọkọ̀

Ìfáárà

Ní ọjà, epo pupa ni a kọ́kọ́ mọ̀ sí epo. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ kan bá yà sí ilé epo ní Oníru, ní Èkó, tí ó ní òun fẹ́ ra epo, bẹntiróòlù ni wọn yóò rọ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ibi tí a ti lo ọ̀rọ̀ náà ni ó fi ìyàtọ̀ hàn. Ìṣòro dé nígbà tí olùtumọ̀ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kọ òfin tí ó dúró lórí ìyàtọ̀ láàrin àwọn ohun tí ẹ́ńjìnì ń jó.

Òfin Ìdíje

Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdíje eré ọkọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1949 lórí pápá iyọ̀ Bonneville, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ẹgbẹ́ SCTA tí a dá sílẹ̀ ní 1937. Eré ìfẹ́-inú ni, kì í ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá sáré, a sì ń wọn ìyára rẹ̀. Ní ìsọ̀rí kìíní, bẹntiróòlù tí àwọn alákòóso fọwọ́ sí nìkan ni a gbọ́dọ̀ lò, a ó sì fi èdìdì di ẹnu táǹkì. Ní ìsọ̀rí kejì, ènìyàn lè jó mẹ́táńọ́ọ̀lù tàbí nitiromẹ́téènì.

Ìdí ìyàtọ̀ yìí kò fara sin. Kí kìlógíráàmù 1 bẹntiróòlù tó jó tán, ó ń fẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́, mẹ́táńọ́ọ̀lù ń fẹ́ 6.4, nitiromẹ́téènì kò fẹ́ ju 1.7 lọ, nítorí pé ó gbé ọ́síjìn tirẹ̀ lọ́wọ́. Pẹ̀lú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà, ẹ́ńjìnì lè jó púpọ̀ sí i, kí agbára rẹ̀ sì ga. Bí a bá pe gbogbo wọn ní epo, òfin náà di òfo.

Epo àti Omi

Yorùbá mọ̀ pé epo kì í dà pọ̀ mọ́ omi. Bẹ́ẹ̀ ni bẹntiróòlù àti dísù rí. Mẹ́táńọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ ń dà pọ̀ mọ́ omi pátápátá. Nítorí náà, kì í ṣe epo.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré ìje nìkan. Ní oṣù Èrèlé 2022, àjọ NMDPRA kéde pé a rí bẹntiróòlù kan ní Nàìjíríà tí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, a sì kó o kúrò lọ́jà. Olùtumọ̀ tí ó bá pè é ní "epo tí a bomi là" ti ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà: a kò bomi là á, ìwọ̀n ni ó kọjá ààlà.

Ṣé kí a wá pe mẹ́táńọ́ọ̀lù ní "ọtí igi"? Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó léwu. Ní oṣù Igbe 2015, àwọn ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí ògógóró tí mẹ́táńọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ó ń fọ́ ni lójú, ó sì ń pa ni. Ohun tí ó rí báyìí kò yẹ ní orúkọ ohun tí a fi ń ṣe àlejò.

Àbá

1. Ohun ìdáná ẹ̀rọ: gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń jó láti ní agbára. Inú "igi ìdáná" ni a ti mú un. Ẹlòmíràn lè sọ pé iná ààrò ni ó mú wá sọ́kàn. Ṣùgbọ́n iná náà ni ẹ́ńjìnì ń dá nínú ara rẹ̀.

2. Epo: èyí tí kì í dà pọ̀ mọ́ omi nínú wọn, bí i bẹntiróòlù àti dísù.

3. Mẹ́táńọ́ọ̀lù: kí a yá a bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe fi ọtí kún un.

4. Ìsọ̀rí bẹntiróòlù àti ìsọ̀rí ìdáná àṣàyàn: fún ìpín méjèèjì nínú ìdíje.

Bí a bá gba ìpín yìí, ẹni tí ó ka òfin yóò mọ ohun tí ó lè rọ sínú táǹkì, yóò sì mọ èyí tí kò gbọdọ̀ kan ẹnu.