Greased Lightning: fíìmù awakọ̀ ọtí òru tí ife-ẹ̀yẹ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé

Bí ẹ bá fẹ́ràn fíìmù tí ọkọ̀ ti ń sá eré àsápajúdé lóru, tí ọlọ́pàá ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, a ní ọ̀kan tí a fẹ́ kí ẹ wò lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Greased Lightning ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1977 ló jáde, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Michael Schultz ló darí rẹ̀. Richard Pryor, tí gbogbo ayé mọ̀ sí aláwàdà, ló kó ipa olórí, Pam Grier sì ṣe ìyàwó rẹ̀.

Ìtàn ẹni tó gbé ayé lóòótọ́ ni. Wọ́n bí Wendell Scott ní 1921 ní ìlú Danville, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ó ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tó padà délé, ó wa takisí, ó ń tún ọkọ̀ ṣe, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, a máa fi ọkọ̀ gbé ọtí tí ìjọba fòfin dè.

Moonshine ni wọ́n ń pe ọtí náà, torí pé abẹ́ òṣùpá ni wọ́n ti ń pọn ọ́n kí ọwọ́ àwọn agbowó-orí má baà tẹ̀ wọ́n. Ẹ bi àwọn òbí yín nípa ògógóró. Wọ́n á sọ fún yín pé ìjọba òyìnbó amúnisìn náà fòfin de pípọn rẹ̀ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yéé pọn ọ́n.

Ọkọ̀ tó ń gbé ọtí yìí kì í dá yàtọ̀ lójú. Inú ẹ́ńjìnnì ni agbára rẹ̀ wà. Wọ́n á tún fi irin le ìdí rẹ̀, kó má baà tẹ̀ sílẹ̀ tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, kí ọlọ́pàá má sì fura. Ibẹ̀ ni Scott ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń sáré ní kọ̀rọ̀ láìṣubú. Ní 1952, àwọn tó ń ṣètò eré ìje ọkọ̀ ní Danville ń wá awakọ̀ aláwọ̀ dúdú kan tí yóò fa èrò wá. Wọ́n bi àwọn ọlọ́pàá léèrè ẹni tó mọ eré sá jù. Àwọn tó ti ń lé e kiri náà ló dárúkọ Scott!

Fíìmù náà parí pẹ̀lú ìṣẹ́gun àti ariwo ayọ̀. Ẹ jẹ́ ká wá sọ bó ṣe rí ní ti ayé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 1963, Scott borí nínú ìdíje NASCAR ní Jacksonville, ní Florida. Ìyípo méjì ló fi ṣíwájú Buck Baker, òyìnbó tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Baker ni wọ́n kéde pé ó borí, òun ni wọ́n sì gbé ife-ẹ̀yẹ fún. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tí èrò ti tú ká, wọ́n ní àṣìṣe ni. Scott gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ife náà kò padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó dùn wá jù nìyí: nígbà tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún Scott inú fíìmù ní 1977, Scott gan-an ṣì wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì tẹ ife gidi. Ó kú ní 1990. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni NASCAR tó gbé ife-ẹ̀yẹ ọjọ́ náà fún ìdílé rẹ̀ ní Daytona. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Bubba Wallace borí ní Talladega, òun sì ni aláwọ̀ dúdú kejì tó borí nínú ìdíje ìpele yẹn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ bá irọ́ Jacksonville lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò sí nílé mọ́. Torí náà, ẹ wo fíìmù yìí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbádùn eré rẹ̀. Tó bá parí, ẹ sọ ìyókù ìtàn fún ẹni tó bá jókòó tì yín.