Ṣé O Mọ̀? Igi Tí Kì Í Sọ Tinú Rẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí o ti tọ́ júnípà wò láìmọ̀? Bí wọ́n bá ti bu ọtí jíìnì fún ọ rí níbi ìdána, o ti tọ́ ọ wò nìyẹn. Òórùn tó máa ń ta síni nímú kí ọtí náà tó kan ahọ́n, júnípà ló ni ín. Orúkọ ọtí ọ̀hún gan-an, ara igi yìí ló ti wá: jenever ni àwọn ará Họ́láńdì ń pe júnípà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé e kúrú, ó di jíìnì. Ohun tí wọ́n sì ń pè ní èso rẹ̀, ìbátan kókó onípẹ̀ẹ́ tó máa ń so lórí igi páìnì ni. Ìpẹ́ tirẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ra títí ó fi rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀.

Áfíríkà náà ní júnípà tirẹ̀. Ó ń hù lórí àwọn òkè Ethiopia àti Kenya, òun nìkan sì ni júnípà tó ń dá hù dé ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé.

Ṣé o mọ̀ pé bónsáì, igi kékeré inú ìkòkò tí wọ́n máa ń fi júnípà ṣe, kì í ṣe irú igi kan? Ẹni tó bá ní òun ń ta “irúgbìn bónsáì”, irúgbìn igi lásán ló ń tà. Gbìn ín sílẹ̀, kó o máa wò ó bó ṣe máa ga. Ìkòkò pẹrẹsẹ, gbòǹgbò tí wọ́n ń gé àti ẹ̀ka tí wọ́n ń rẹ́ ni kò jẹ́ kó ga. Àwọn ará Jàpáánù ló fún un lórúkọ: bon ni àwo pẹrẹsẹ, sai ni ohun tí a gbìn. Ṣùgbọ́n Ṣáínà ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Lára ògiri ibojì ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Li Xian, tí wọ́n ya àwòrán sí ní ọdún 706, ìránṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó gbé àwo tí òkúta àti igi wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé júnípà lè kú kí o má mọ̀? Mo ra kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní London, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, mò ń bomi rin ín láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, mò ń fi han àlejò. Àṣé òkú ni mò ń fún lómi! Ìda tó bo ewé rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Gbòǹgbò lè ti kú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ewé tó gbọ́. Ìgbà tó fi máa di pupa rúsúrúsú, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Pálọ̀ yẹn ló pa á. Igi ìta ni júnípà: ó ń fẹ́ oòrùn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn, ó sì ń fẹ́ ìgbà òtútù tí yóò fi sinmi.

Wọ́n ní láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, torí bó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́. Ṣé o mọ̀ pé júnípà ò gbọ́ òwe yẹn? Ẹ̀ka tó nípọn bí àtàǹpàkò ṣì ṣeé tẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi ń ṣe é, yálà bàbà tí wọ́n ti fi iná rọ̀, tàbí àlùmíníọ̀mù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kí ó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka náà, kí o wé e kó dagun bíi dígírí 45, kó fara mọ́ èèpo láìfún un pa. Ẹ̀ka tó bá le, wọ́n á kọ́kọ́ fi ráfíà tútù dì í, okùn tí wọ́n ń bó lára ewé ọ̀pẹ ògùrọ̀, kí èèpo má bàa là.

Wá fi àtàǹpàkò méjèèjì ti inú ibi tó fẹ́ tẹ̀, kí wáyà gba ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìn yẹn ni igi ti ń ya. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, dúró. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́: ohùn kékeré kan, bí ìgbà tí aláǹgbá tẹ ewé gbígbẹ. Síwọ́ níbẹ̀. Èmi ò síwọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ̀ka náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Kì í ṣe wáyà ló ń jẹ́ kí ẹ̀ka dúró bẹ́ẹ̀ o. Lọ́dọọdún ni igi máa ń hu ìpele tuntun lábẹ́ èèpo; èyí tó bá hù lẹ́yìn títẹ̀, bí ẹ̀ka ṣe wà ló máa bá a, òun ló sì máa dì í mú. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ó lè ju ọdún kan lọ. Bí wáyà bá ti fẹ́ máa jẹ igi lára, àsìkò tó. Má tú u, fi ẹ̀mú gé e ní ègé-ègé. Ẹni tó ń ṣún wáyà lò ló ń ya ẹ̀ka.

Màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n bá júnípà mi kejì níta nínú yìnyín. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ewúrẹ́ kì í sùn síta nílé wa. O wá fi wáyà de igi bí ẹni mú olè, o tún fi í sínú òtútù?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ibẹ̀ ló wù ú.”

Ṣé o mọ̀ pé àgbà júnípà lè padà di ọmọdé? Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ewé oríṣi méjì: ti ọmọdé rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ti àgbà sùn mọ́ra bí ìpẹ́ ẹja. Gé àgbà jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, abẹ́rẹ́ ni yóò tún máa hù. Bí o bá sì ká gbogbo ewé ẹ̀ka kan tán, má retí pé yóò rú.

Ṣé o mọ̀ pé apá tó ti kú lára rẹ̀ ni àwọn olùtọ́jú rẹ̀ fi ń yangàn? Ẹ̀ka òkú tí wọ́n bó ní èèpo ń jẹ́ jin (kò kan ti ọtí o), èyí tó bá wà lára ìtí ń jẹ́ shari. Wọ́n á fi omi imí ọjọ́ kùn ún kó lè funfun, kó má sì tètè rà. Òórùn òbu ẹyin ni. Má ṣe é nítòsí ibi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀. Orí òkè ni wọ́n ti rí àwòṣe rẹ̀, níbi tí yìnyín àti ẹ̀fúùfù ti ń bó igi láàyè, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣì wà láàyè á wá máa gbé omi láti gbòǹgbò dé ewé. Irú júnípà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ igi wá lọ sí òkè Ishizuchi ní Shikoku ní Jàpáánù, lẹ́yìn náà sí ẹ̀bá Itoigawa. Okùn ni wọ́n fi ń so ara wọn rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, àwọn kan ò sì padà wálé.

Èyí tó kù kì í ṣe júnípà, páìnì ni, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Láti 1625 ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù August 1945, ó wà nínú ọgbà ìdílé Yamaki ní Hiroshima, bíi kìlómítà mẹ́ta sí ibi tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ti bú. Ògiri gíga kan ló dáàbò bò ó. Ní 1976, Masaru Yamaki fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, ó wà lára bónsáì 53 tí Jàpáánù kó ránṣẹ́ fún àjọ̀dún igba ọdún Amẹ́ríkà. Ọdún 2001 ni méjì nínú àwọn ọmọ-ọmọ Yamaki dé ọgbà igi ní Washington, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo igi bàbá àgbà àwọn, wọ́n sì sọ ibi tó ti là kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ti ń bomi rin ín fún ọdún 25.