Opó Tí Kò Wá Sípàdé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ta ló lè gbàgbé ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, ọdún 2018, l'Ọ̀fà níbí? Àwọn adigunjalè ya wọ bánkì 5, wọ́n pa èèyàn tó lé ní 30; ọlọ́pàá 9 wà nínú wọn. Láti ìgbà náà la ti ń rí i pé ọ̀fọ̀ kì í tán lọ́jọ́ ìsìnkú.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé kí opó tí kò wá sípàdé san owó ìtanràn, àwa ò fara mọ́ ọn o! Kí á tó ṣírò owó, ẹ jẹ́ kí á dákẹ́ jẹ́ẹ́ ná, kí kálukú fi ọ̀ràn obìnrin náà ro ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, kí á lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ oríkì olóògbé, kó kì í. Omijé tó ti há sí opó náà lọ́kàn á ráyè jáde. Kí aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà sì bá a ṣọ́ ìsọ̀ rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.