Àwo orin bàbá yín: ẹ má tíì tà á ní owó pọ́ọ́kú

Nígbà tí iná sọ ní Ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kínní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló jóná tọjàtọjà. Ìjọba ti tún ọjà náà kọ́, àwọn ọlọ́jà sì ti padà sẹ́nu òwò wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá àwọn àgbàlagbà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ pé bó bá jóná, tàbí tí wọ́n dà á sórí ààtàn, kò sí ìjọba tó lè tún un kọ́. Ohun náà ni àwo orin àtijọ́, èyí tí bàbá ń gbé sórí gírámafóònù lọ́jọ́ ọdún.

Àwọn kan ń wá àwo wọ̀nyí kiri báyìí. Lókè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń gbé àwo jáde fúnra wọn ti ń padà sídìí orin Nàìjíríà. Lọ́dún 2016, Now-Again Records ti Amẹ́ríkà kó orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ ní Nàìjíríà láàárín ọdún 1972 sí 1977 jọ, wọ́n tún un tẹ̀ jáde. Knitting Factory Records náà ti tún àwo Fẹlá tẹ̀, àwọn kan nínú wọn kì í sì í ṣe dúdú mọ́: aláwọ̀ mèremère ni.

Kí wá ni ti àwọ̀ náà? Ike PVC ni wọ́n fi ń ṣe àwo orin, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi. Ike yìí kò ní àwọ̀ kan lára rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú dúdú bí èédú tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Bí wọ́n bá fi aró mìíràn dípò rẹ̀, àwo á pupa, á di àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ òfeefèé.

Kì í ṣe àrà tuntun. Lọ́dún 1949 tí RCA Victor ti Amẹ́ríkà gbé àwo kékeré tó ń yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan jáde, àwọ̀ ni wọ́n fi pín orin níyà: àwọ̀ ewé fún orin àwọn ará oko, òfeefèé fún orin ọmọdé. Lónìí, ìdí tí aláwọ̀ fi ń tà ni pé wọ́n kì í sábà tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ohun tí kò pọ̀ ló ń wọ́n.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ kan àwọn ará ilé. Àwo dúdú tó wà lábẹ́ ibùsùn lè ṣọ̀wọ́n ju aláwọ̀ tuntun lọ. Yorùbá náà ní ilé iṣẹ́ àwo tiwọn. Lọ́dún 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀. Akéwì Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ dá Ọlátúbọ̀sún Records sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà nínú àwo pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ìgbà, téèpù tí wọ́n kọ́kọ́ gba ohùn sí ti sọnù. Inú àwo tó ṣẹ́ kù lẹni tó fẹ́ tún orin náà tẹ̀ ti máa ń yọ ohùn. Tí èyí tó kù bá fọ́, ohùn náà lọ nìyẹn.

Ẹni tó bá ní in, kó kọ́kọ́ wo bébà róbótó tó wà láàárín àwo. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà àwo wà níbẹ̀. Kó tún wo ibi dídán tó yí bébà náà ká: wọ́n máa ń họ àmì sí i tó lè ranni lọ́wọ́ láti mọ irú ẹ̀dà tó jẹ́. Kó má ju páálí rẹ̀ nù, torí àwo tí kò ní páálí, iye rẹ̀ á já wálẹ̀.

Kó tò ó ní òòró bí ìwé, kó má tò ó léra, kó sì gbé e jìnnà sí oòrùn, torí ooru á ká a kò. Etí rẹ̀ ni kó máa dì mú. Bí eruku bá wà lára rẹ̀, omi tó mọ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó, kí omi má kàn án kan bébà àárín. Abẹ́rẹ́ tó ti gbó ń bẹ́ orin jẹ.

Ohun kan ṣì kù. Ẹni tó ra àwo, àwo ló rà, kò ra orin. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, tọdún 2022, dáàbò bo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Àwo tó jáde lọ́dún 1980 ṣì wà lábẹ́ ààbò títí dé ìparí ọdún 2030. Ti ẹni tó kọ orin náà tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Nítorí náà, ẹbí olórin tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ti tún orin bàbá wọn tẹ̀ lókè òkun lè béèrè ohun tó tọ́ sí wọn.

Bí oníbàárà bá wá dé, tó fẹ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ kó odidi páálí lọ, kí onílé ní kó ṣì mú sùúrù. Kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gba orin inú wọn sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá wù ú kó tà á, ó mọ ohun tí òun ń tà.