Oṣù Wo Ló Yẹ Ká Gun Òkè Udi? Ìrìn Àjò Ọjọ́ Kan Láti Asata

Ní àwọn ilẹ̀ tí yìnyín ti máa ń bo òkè, láàárín oṣù Òkúdù sí oṣù Ògún ni àwọn èèyàn ń gbé jíìpù gba ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ gun òkè lọ wo adágún, tí wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Yìnyín ló sé ọ̀nà mọ́ wọn láti ìgbà òtútù, àfi tí oòrùn bá yọ́ ọ tán kí ọkọ̀ tó ríbi kọjá. Lórí òkè Rockies ní ìpínlẹ̀ Colorado, àwọn ọ̀nà kan wà tó ga ju 3,900 mítà lọ, tí kì í sábà ṣí kó tó di ìparí oṣù Òkúdù. Inú ìwé àti fọ́nrán àwọn ará ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ ìrìn àjò orí òkè. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Houston sì ń gba ìsinmi wálé ní oṣù Agẹmọ àti oṣù Ògún, pẹ̀lú èrò pé ìgbà náà ni gbogbo òkè ayé ṣí sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé ẹni tó bá ń gbé Asata, tàbí tó bá wá kí ará ní Enugu, ní láti yí kàlẹ́ńdà yẹn padà. Òjò ló ń sé ọ̀nà tiwa. Oṣù Bélú sí àárín oṣù Ọ̀pẹ ni ọ̀nà òkè Udi dára jù lọ. Kódà nígbà náà, ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ bá parí sí ni kí ọkọ̀ dúró, kí ẹsẹ̀ gba iṣẹ́ ṣe.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Asata jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Enugu, odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sì gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá dúró sí Asata tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Udi ni yóò rí tó dúró bí ògiri lẹ́yìn ìlú. Láti ara òkè yìí ni odò Asata àti odò Ekulu ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sáàárín ìlú. Ipele mẹ́ta ni ilẹ̀ náà, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wakọ̀. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ìlú tẹ̀ dó sí, amọ̀ tó ti di òkúta pẹlẹbẹ ni. Lórí rẹ̀ ni ipele tí èédú wà nínú rẹ̀, èédú tí wọ́n ṣàwárí ní 1909, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915, tó sì mú kí ọkọ̀ ojú irin wá láti Port Harcourt ní 1916. Ní òkè pátápátá ni òkúta oníyanrìn tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Ajali, tó ti jẹrà di iyẹ̀pẹ̀ pupa ní ojú ilẹ̀. Yanrìn wà lókè, amọ̀ wà nísàlẹ̀, omi sì ń hùwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára méjèèjì.

Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí yanrìn òkè, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń rì wọlẹ̀ ni. Bó ṣe ń rì lọ, yóò pàdé ipele amọ̀ tí kì í jẹ́ kí omi kọjá, yóò wá wá ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde lára òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ìsun omi ṣe ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà. Ṣùgbọ́n tí òjò bá le ju bí yanrìn ṣe lè mu ún lọ, omi á máa sáré lójú ilẹ̀, á sì máa kó iyẹ̀pẹ̀ lọ. Òjò tó ń rọ̀ sí Enugu lọ́dún kan lé ní 1,600 mílímítà, nígbà tí ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bíi 600. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀ láàárín oṣù Igbe sí oṣù Ọ̀wàrà. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tí jíìpù gbà kọjá wẹ́rẹ́ ní oṣù Ọ̀pẹ lè di ojú àgbàrá ní oṣù Agẹmọ, kí kòtò tó jìn tó orúnkún sì là á láàárín.

Ọ̀nà tó lọ láti Enugu gba Milliken Hill dé Ngwo jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà ni. Ìjọba amúnisìn ló la ọ̀nà náà, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lára òkè, àfonífojì jíjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ògiri òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ní ayé Gómìnà Ifeanyi Ugwuanyi, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ri iná sí i. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn òjò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bíréèkì nìkan kò lè gbé e délé. Jíà kejì ni kó fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa di ọkọ̀ mú, kó sì máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kó tó dé ibi tí ọ̀nà ti yí. Bí ó bá ń gbọ́ òórùn bíi rọ́bà tó ń jóná láti ibi táyà, bíréèkì ti gbóná jù nìyẹn. Kó wá ibi tó tẹ́jú, kó dúró kí ó tutù, kó má sì bu omi tútù lé e. Tí ọ̀nà ọlọ́dà bá ń béèrè ìṣọ́ra tó báyìí, ẹ wo ohun tí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà yóò béèrè.

Àwọn tó ní jíìpù yóò sọ pé nítorí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ra ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Òótọ́ ni pé agbára ìfà ń ṣèrànwọ́ láti jáde nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfà kọ́ ni ìdúró. Lórí amọ̀ tó tutù ní ìsàlẹ̀ òkè, táyà mẹ́rin lè yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí méjì ṣe ń yọ̀. Ìṣòro kejì tún wà tí kò kan awakọ̀ nìkan. Ipa táyà lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó rọ̀ di ojú ọ̀nà fún omi. Òjò tó tẹ̀ lé e á gba ibẹ̀, á gbẹ́ ẹ jìn, ọkọ̀ tó tún ń bọ̀ á yà sí ẹ̀gbẹ́, á dá ipa tuntun sílẹ̀, láìpẹ́ ọ̀nà oko ti di ògbun. Ìṣòro ògbun ní ìlà oòrùn Nàìjíríà le débi pé Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó ètò NEWMAP ní 2012, Enugu sì wà lára ìpínlẹ̀ méje tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi jíìpù ṣe eré lórí ilẹ̀ yìí ní oṣù Owérè ń ba oko olóko jẹ́, kì í ṣe ọ̀nà ìjọba nìkan. Mo gbà pé ìdí yìí nìkan ti tó láti dúró.

Wọ́n á tún sọ pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi tí a fẹ́ lọ wò á ti gbẹ, ọyẹ́ á sì ti bo ojú òkè. Lórí omi, ipele ilẹ̀ tí mo ti sọ ló dáhùn. Omi òjò tó ti rì wọ yanrìn láti oṣù Igbe kì í tán ní ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde lára òkè bí omi ṣe ń sun lára àmù. Nítorí náà ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Awhum, ní agbègbè Udi, ṣì ń dà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Agbára rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara, kò ní ẹrẹ̀ nínú. Ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Lórí òkè Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí adágún Ìyákẹ wà lórí àpáta, òkúta líle ni ilẹ̀ ibẹ̀, kì í ṣe yanrìn tó ń mu omi. Ẹni tó bá mọ òkè Yorùbá dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́ ti Udi bí ẹ̀kọ́ tuntun. Lórí ọyẹ́, mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ṣàtakò dé ìwọ̀n kan. Ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ àti nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, kùrukùru eruku lè nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò ní rí ìlú láti orí òkè, iná ìgbẹ́ sì máa ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló dára. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó wà láàárín ìparí òjò àti ìgbà tí ọyẹ́ bá le ni kí a dì mú.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti ìsinmi ilé ẹ̀kọ́. Oṣù Agẹmọ sí Owérè ni àwọn ọmọ wà nílé, ìdílé tí bàbá àti ìyá ń ṣiṣẹ́ kò lè sọ pé oṣù Bélú ni àwọn yóò rìn. Ìdílé bẹ́ẹ̀ kò ní láti jókòó sílé. Nínú oṣù Ògún, òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, àwọn ọ̀nà ọlọ́dà á sì gbẹ. Nígbà náà, adágún Nike, tó wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ní apá àríwá ìlà oòrùn ìlú, tí hótẹ́ẹ̀lì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jẹ́ ibi tí ọkọ̀ kékeré lè dé láìsí wàhálà. Igbó igi páìnì ní Ngwo náà kò jìnnà sí ọ̀nà Milliken Hill, èèyàn lè rìn lábẹ́ àwọn igi gíga náà fún wákàtí kan kó sì padà. Ohun tí kò yẹ ní oṣù Ògún ni kíkó ọmọ wọ inú àfonífojì tóóró tí omi ń gbà kọjá. Ojú ọ̀run lè mọ́ lórí yín nígbà tí òjò ń rọ̀ lókè níbi tí ẹ kò lè rí, omi á sì dé láìkìlọ̀.

Irú ibi bẹ́ẹ̀ gan-an ni Awhum. Abúlé náà wà ní agbègbè Udi, lẹ́yìn ìkóríta 9th Mile, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Cistercian sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń parí sí. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni. Ọ̀nà náà sọ̀ kalẹ̀ gba inú igbó, ó sì wọ inú odò kékeré kan tí ògiri òkúta ga ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó jẹ́ pé inú omi gan-an lẹ́sẹ̀ ń tẹ̀. Omi náà tutù, yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, àpáta tó wà nínú rẹ̀ sì ń yọ̀ nítorí ewédò. Bàtà rọ́bà tó ní okùn lẹ́yìn ló bá a mu. Sílípáàsì á bá omi lọ, bàtà aláwọ á sì mu omi di òkúta. Ibi àdúrà ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà kí a gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ kí a tó wọlé, kí a má sì gbé orin aláriwo lọ.

Fún ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà sí i, àwọn adágún Opi wà nítòsí Nsukka, ní ojú ọ̀nà tó ti 9th Mile lọ sí àríwá. Ilẹ̀ Opi kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìbí Kristi. Yanrìn gbígbẹ ni ìṣòro ọ̀nà kéékèèké ibẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò sì ní fi pamọ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ní wàhálà tirẹ̀. Táyà tó kún fún afẹ́fẹ́ máa ń rì sínú yanrìn. Kí awakọ̀ tú díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí táyà lè tẹ́, kó lo jíà kékeré, kó má sì dúró láàárín yanrìn. Tó bá padà dé ọ̀dà, kó fẹ́ ẹ padà. Fóńpù kékeré àti ṣọ́bìrì gbọ́dọ̀ wà nínú bùùtù. Àwọn mẹkáníìkì Coal Camp, tí kò jìnnà sí Asata, lè yẹ bíréèkì, táyà àti omi rẹ́díétọ̀ wò ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ní ti àwọn adágún náà fúnra wọn, ará ìlú ló ni wọ́n. Kí a béèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó fọwọ́ kan omi, kí a sanwó fún ọmọ ìlú kan kó ṣáájú wa. Owó náà dára lọ́wọ́ rẹ̀ ju lọ́wọ́ ẹni tí yóò wá fi okùn fa ọkọ̀ wa jáde nínú kòtò.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fò. Àwọn kan á ní ìjínigbé ti sọ irú ìrìn yìí di ewu pátápátá, ẹ̀rù wọn kì í ṣe ti ojo. Ìdáhùn mi ni pé ewu náà yàtọ̀ láti ọ̀nà dé ọ̀nà àti láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí náà ará ibẹ̀ ni kí a bi léèrè ní ọjọ́ tí a fẹ́ lọ gan-an, kì í ṣe oṣù kan ṣáájú. Tí wọ́n bá ní kí a má wá, kí a má lọ. Kí ọkọ̀ má dá nìkan rìn, kí ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tí a gbà àti wákàtí tí a ó dé. Ọjọ́ Ajé kò dára fún ìrìn yìí, nítorí ní oṣù Ògún 2021 ni àṣẹ pé kí gbogbo èèyàn jókòó sílé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ajé di ọjọ́ tí ọjà àti ọ̀nà ń dá. Gómìnà Peter Mbah kéde ní 2023 pé ó ti parí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ọjọ́ ìgbádùn dán ìyẹn wò.

Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà kéré nígbà tí mo yàn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn ń wọ̀ ní Enugu ní nǹkan bíi aago 6:12 ìrọ̀lẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ní àárín oṣù Òkúdù, nǹkan bíi 6:45 ni. Ilẹ̀ sì ń tètè ṣú nínú àfonífojì. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ ní ọdún yìí yan ọjọ́ Àbámẹ́ta kan láàárín ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Bélú àti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀pẹ, kó kúrò ní Asata ní aago 6:30 àárọ̀, kó yí padà ní aago 2 ọ̀sán bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé ibi tó ń lọ, kó sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti Milliken Hill tán kí oòrùn tó wọ̀.