Gbòǹgbò Tí Síńgápọ̀ Fòfin Dè

Ní ọdún 1978, ìjọba Síńgápọ̀ fòfin de huanglian, gbòǹgbò kan tó korò bí jogbo, tí àwọn ìyá ọmọ Ṣáínà ti ń sè fún ọmọ tuntun láti ayébáyé. Wọ́n gbà pé ó ń fọ oró tí ọmọ gbé wá láti inú oyún dànù. Àwọn dókítà ló fura pé ibà pọ́njú àwọn ọmọ kan ń le sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá mu ún.

Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá ti ń gbó, ohun aláwọ̀ ìyeyè kan, bilirubin, máa ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó kó o dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì lágbára. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ albumin ló máa ń pọ̀n ọ́n, kó má baà ráyè wọ ọpọlọ. Lọ́dún 1993, ìwádìí kan fi hàn pé berberine inú huanglian ń já bilirubin bọ́ lẹ́yìn albumin. Bí bilirubin bá wọ ọpọlọ, ọmọ lè dití, ó sì lè yarọ. Síńgápọ̀ ti dẹ òfin náà lẹ́yìn ọdún 2010, àmọ́ ìkìlọ̀ ṣì wà nítorí ọmọ ọwọ́.

Ẹ má torí ìyẹn sọ pé gbogbo àgbo Ṣáínà ló burú. Ewéko kan tó ń jẹ́ yinchen náà wà, òun gan-an ni wọ́n ń lò fún ibà pọ́njú. Ní 2004, Wendong Huang àti David Moore, ní Houston l'Amẹ́ríkà, rí i pé ó ń ta ẹ̀dọ̀ jí láti tètè kó bilirubin dànù. Ara eku ni wọ́n ti rí i o, kì í ṣe ara ìkókó.

Nílé tiwa, omi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n àti omi gúlúkóòsì la fi ń tọ́jú ibà pọ́njú. N kò rí ẹ̀rí kankan nídìí wọn. Àyè ọmú ni wọ́n ń gbà nínú ọmọ. Káńfọ̀ tí à ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tún burú jù: ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn, wọ́n sì pọ̀ láàárín ọmọkùnrin wa.

Iná búlúù tí wọ́n ń tàn sára ọmọ nílé ìwòsàn ló ní ẹ̀rí gidi. Ìwádìí tí wọ́n ṣe l'Ékòó, tó jáde ní 2015, fi hàn pé oòrùn tí wọ́n fi ọ̀rá àkànṣe sẹ́ lè ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n lójú àwọn elétò ìlera ni, kì í ṣe ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yin ìyá, bí ojú ọmọ bá pọ́n láàárín wákàtí 24 tí ẹ bí i, tàbí tí kò fẹ́ mu ọmú mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fún un mu.