Kí Ẹ Tó Fi Ìpìlẹ̀ Lélẹ̀ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìwé ìlàlóye fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ tún ilé ṣe ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká

Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí

Oko obì àti oko kòkó ló kún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Rẹ́mọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, tí ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní sì pàdé rẹ̀ ní oríta Ṣàgámù, ojú ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 250,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, ó sì ka èyí tó lé ní 118,000 ní Ìkẹ́nnẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tí owó ilé Èkó ti kọjá agbára wọn ń wá sọ́dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ ń dìde lẹ́bàá oríta. Yunifásítì Babcock ń fa òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò wá sí Ìlíṣàn. Pápákọ̀ òfurufú Gateway náà sì ti wà ní agbègbè Ìperu àti Ìlíṣàn.

Bí ẹni kan bá fẹ́ ra ilẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta ló ni ín?" Ó yẹ kó bèèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì kù: "Kí ni wọ́n ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún?" Ẹbí lè ni ilẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, kí gbogbo mọ̀lẹ́bí fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fún yín, síbẹ̀ kó jẹ́ pé abẹ́ wáyà iná ńlá ni, tàbí ojú ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ là. Rìsíìtì ẹbí fi hàn pé ẹ ti sanwó. Kò sọ pé ilé gbígbé lè dúró níbẹ̀. Ìwé yìí ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa rí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ta ló ní àṣẹ lórí ètò ilẹ̀?

Òfin Lílo Ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú, pé kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ètò ìlú wà ní Òkè-Mọsàn, Abẹ́òkúta, ó sì ní àwọn ọ́fíìsì ní agbègbè gbogbo. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó agbègbè yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ohun tó bí òfin ètò ìlú nílẹ̀ wa. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó láti nǹkan bí 1924, ilé fún mọ́ ilé, afẹ́fẹ́ kò ráyè kọjá, ìdọ̀tí kò sì ríbi ṣàn gbà. Ní 1928, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti tún ìlú Èkó tò. Ohun tí wọ́n ń wá nígbà náà là ń wá ní Ṣàgámù lónìí: afẹ́fẹ́, ọ̀nà, omi mímọ́, àti àyè tí ọkọ̀ panápaná lè gbà wọlé.

Oríṣi ìlò tí wọ́n ń pín ilẹ̀ sí

* Ilẹ̀ ilé gbígbé. Ó pín sí mẹ́ta: ibi tí ilé ti jìnnà síra, ibi tó wà ní ìwọ̀nba, àti ibi tí ilé ti sún mọ́ra. Iye ilé àti iye ìdílé tó lè wà lórí pílọ́ọ̀tì kan yàtọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì.
* Ilẹ̀ òwò. Ọjà, ṣọ́ọ̀bù, báńkì, ilé ìtura.
* Ilẹ̀ ilé iṣẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́ tó ní ariwo, èéfín tàbí ọkọ̀ ńláńlá.
* Ilẹ̀ ìlú. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ibi ìsìn, itẹ́ òkú, pápá ìṣeré.
* Ilẹ̀ oko àti igbó ọba.
* Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Bí àwòrán sáfè yín bá bọ́ sínú ilẹ̀ báyìí, ẹbí kò ní àṣẹ láti tà á fún yín mọ́, àfi bí ìjọba bá ti yọ ọ́ padà fún wọn nínú ìwé.

Ìlò ilẹ̀ kì í hàn sójú. Koríko tó wà lórí ilẹ̀ ilé gbígbé náà ló wà lórí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Ọ́fíìsì Sáfíọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ nìkan ló lè fi nọ́ńbà tó wà lórí bíkìn (òpó ààlà) yín wo àwòrán ìjọba, kó sì sọ ibi tí ilẹ̀ náà bọ́ sí.

Àwọn ibi tí ilé kò gbọdọ̀ dé

*Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀.* Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ní mítà 45.72 ní apá ọ̀tún àti mítà 45.72 ní apá òsì, láti àárín ọ̀nà. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní wà nínú èyí. Ṣọ́ọ̀bù, fẹ́ǹsì àti ilé ẹ̀ṣọ́ tó bá wọ inú ààyè náà wà nínú ewu wíwó, kódà bó bá ti pẹ́ níbẹ̀.

*Abẹ́ wáyà iná ńlá.* Wáyà tó ń gbé iná 330kV ní ààyè tó fẹ̀ ní mítà 50, ìyẹn mítà 25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti àárín. Ti 132kV jẹ́ mítà 30, mítà 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò dìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan wáyà kó tó gbé e. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa ń ta ilẹ̀ ibẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn.

*Bèbè odò àti ojú àgbàrá.* Odò Íbú àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ̀ ọ́ nílò ààyè nígbà òjò. Ẹ má fi oṣù kìíní wo ilẹ̀ ẹ̀bá odò. Ẹ lọ wò ó ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án, kí ẹ sì bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ibi tí omi máa ń dé.

*Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta símẹ́ǹtì.* Ilẹ̀ máa ń mì nígbà tí wọ́n bá ń fọ́ òkúta, eruku sì máa ń fẹ́ wọlé. Ẹ bèèrè bí ilẹ̀ náà ṣe jìnnà tó kí ẹ tó sanwó.

*Agbègbè pápákọ̀ òfurufú.* Ilé gíga àti òpó gíga nílò àyẹ̀wò àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú.

Báwo ni ilé ṣe lè tóbi tó lórí pílọ́ọ̀tì kan?

Ìlànà méjì ló ń pinnu èyí: ìwọ̀n ilẹ̀ tí ilé lè gbà, àti ààyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé àti ààlà. Ọ́fíìsì ètò ìlú ni yóò fún yín ní ìwọ̀n tó bá àdúgbò yín mu. Àpẹẹrẹ kan rèé tí ẹ lè fi yẹ pílánì yín wò.

Ká ní pílọ́ọ̀tì yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí mítà 36. Gbogbo ilẹ̀ náà jẹ́ 648 ní ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin. Bí ẹ bá fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, mítà 3 lẹ́yìn, àti mítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù fún ilé ni mítà 12 sí mítà 27. Èyí jẹ́ 324, ìdajì ilẹ̀ náà gan-an. Ilé onírúmù mẹ́rin tó láyè dáadáa lè dúró síbẹ̀ láìfúnpọ̀.

Iwájú ni ọkọ̀ máa dúró sí, kó má baà di títì. Ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ yàrá, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó fẹ́ paná máa gbà. Ẹ̀yìn ni sókàwéè wà. Bí ẹ bá kọ́lé mọ́ ààlà, afẹ́fẹ́ aládùúgbò yín lẹ gbà. Bí òun náà bá kọ́ ọ mọ́ ààlà, ó gba tiyín.

Kànga àti sókàwéè

Ó yẹ kí kànga tàbí bọ́ọ̀hó jìnnà sí ṣalángá tàbí sókàwéè ní ó kéré tán mítà 30. Ẹ wo pílọ́ọ̀tì tí a ṣírò lókè yìí: gbogbo gígùn rẹ̀ kò ju mítà 36 lọ. Bí kànga yín bá wà níwájú tí sókàwéè wà lẹ́yìn pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó. Bí aládùúgbò tó wà lẹ́yìn yín bá wá gbẹ́ kànga sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì, sókàwéè yín lòun ń mu.

Nítorí èyí, kí àwọn tó wà ní àdúgbò kan náà fẹnu kò: kí gbogbo kànga wà ní apá iwájú, kí gbogbo sókàwéè wà ní apá ẹ̀yìn, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ibi tí èyí kò bá ti ṣe é ṣe, bọ́ọ̀hó kan fún gbogbo àdúgbò sàn ju kànga mẹ́wàá tó léwu lọ. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé

1. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Sáfíọ̀ Àgbà àti ọ́fíìsì ètò ìlú. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.
2. Ẹ gba ìwé ilẹ̀ tó pé. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé tó ní ẹ̀tọ́ fọwọ́ sí i. Bí ẹni tó ní C of O (ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ èèyàn lórí ilẹ̀) bá ń tà á fún yín, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà.
3. Ẹ jẹ́ kí sáfíọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí wọn ilẹ̀.
4. Ẹ jẹ́ kí àkítẹ́ẹ̀tì tó forúkọ sílẹ̀ ya pílánì. Bó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN (àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà) gbọ́dọ̀ ya bí irin àti kọnkéré ṣe máa gbé e. Ọ́fíìsì ètò ìlú tún lè bèèrè àyẹ̀wò ilẹ̀.
5. Ẹ kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú pẹ̀lú ẹ̀rí owó orí. Wọ́n á wá wo ilẹ̀, wọ́n á sì ṣírò owó. Àkáǹtì ìjọba ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.
6. Bí ìwé àṣẹ bá ti jáde, ẹ sọ fún ọ́fíìsì náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpìlẹ̀, ní lẹ́ńtà, ní dẹ́kìn àti ní òrùlé. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ síbi iṣẹ́, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa parí.

Bí ẹ bá fẹ́ yí ilé tó ti wà padà

Ìwé àṣẹ ilé gbígbé kò bo ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé, ibi ìsìn, ilé ìtura tàbí ibi títa gáàsì. Ẹ gba àṣẹ tuntun kí ẹ tó yí ìlò ilé padà. Bákan náà ni fífi àjà kún ilé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, Èkó, ó sì pa èèyàn tó lé ní ogójì. Aláṣẹ ìjọba sọ pé àjà 15 ni wọ́n gba àṣẹ fún. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àjà kan lè má gbé àjà méjì, bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní Mákun ní Ṣàgámù bó ṣe rí ní Ìkòyí.

Ìbéèrè tí àwọn ará ìlú máa ń bèèrè

*Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri mi pé kí iṣẹ́ dúró. Kí ni kí n ṣe?*
Ẹ dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ kó gbogbo ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú, kí ẹ sì bèèrè ohun tó kù ní kíkọ sílẹ̀. Bírikìlà tó bá ní kí ẹ yára parí rẹ̀ lóru kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wó o.

*Wọn kò fún mi ní àṣẹ. Ṣé ó ti parí nìyẹn?*
Rárá. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí rẹ̀, láti tún pílánì ṣe, àti láti pẹjọ́.

*Ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ mi fún ọ̀nà. Ṣé wọ́n á san nǹkan kan?*
Òfin Lílo Ilẹ̀ ní kí wọ́n san owó ohun tó wà lórí ilẹ̀ tí ẹ ní lọ́nà tó tọ́, bí ilé àti irúgbìn. Ilé tí kò ní ìwé àṣẹ lè pàdánù ẹ̀tọ́ yìí.

*Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń fi ipá gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé lọ́wọ́ mi.*
Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin ní 2016 tó ka fífi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ sí ọ̀ràn ńlá tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ẹ̀rí.

*Mo ti kọ́lé tán láìgba àṣẹ.*
Ẹ lọ fúnra yín kí wọ́n tó wá bá yín. Bí ilé náà kò bá sí lójú ọ̀nà, lábẹ́ wáyà tàbí lórí ilẹ̀ ìjọba, tó sì dúró dáadáa, ẹ lè bèèrè fún ìwé rẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn. Bí ẹ bá ṣe ń pẹ́ tó ni owó náà ń gorí.

Ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó pe bírikìlà

☐ Mo ti mọ ohun tí wọ́n ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún.
☐ Ilẹ̀ náà kò sí nínú èyí tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé.
☐ Mo ti wọn bó ṣe jìnnà sí ọ̀nà, wáyà àti odò.
☐ Pílánì mi fi ààyè sílẹ̀ ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
☐ Mo mọ ibi tí kànga àti sókàwéè aládùúgbò mi wà.
☐ Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti wà lọ́wọ́ mi, orúkọ mi ló sì wà lórí rẹ̀.

Bí èyíkéyìí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ṣì ṣófo, ẹ má tíì wa ilẹ̀ ìpìlẹ̀. Ọ́fíìsì ètò ìlú wà fún yín láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹ wá bèèrè.